Cedar Point: kósítà mẹ́ta tí wọ́n tún ṣe, èwo ló yẹ kí ẹ tò fún?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í tán lẹ́nu àwọn olólùfẹ́ Cedar Point: bí ohun ìṣeré bá ti gbó, ṣé kí wọ́n wó o ni, àbí kí wọ́n tún un ṣe? Ọgbà ìgbafẹ́ náà wà ní Sandusky, ní ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà, lórí ilẹ̀ tóóró kan tó yọ wọ inú adágún Erie. Láti 1870 ni àwọn èèyàn ti ń lọ gbafẹ́ níbẹ̀. Omi ló yí ilẹ̀ náà ká, kò síbi tí wọ́n lè fẹ̀ ẹ́ dé mọ́, nítorí náà, ohun tuntun tó bá fẹ́ wọlé, àfi kí nǹkan àtijọ́ dìde fún un. Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn ti ń bẹ̀rẹ̀.

Láàárín ọdún 2015 sí 2024, rólà-kósítà ńlá mẹ́ta, ìyẹn ọkọ̀ ìṣeré tó ń gun òkè tó sì ń já wálẹ̀ lójú irin, ni ọgbà náà tún ṣe dípò kí wọ́n wó wọn pátápátá. Mantis di Rougarou ní 2015, Mean Streak di Steel Vengeance ní 2018, Top Thrill Dragster di Top Thrill 2 ní 2024. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo fi ń wọn àtúnṣe bẹ́ẹ̀: kí ló ń ni èrò lára látijọ́, ṣé ohun náà gan-an ni wọ́n sì wò sàn? Orúkọ tuntun àti ọ̀dà tuntun kì í ṣe àtúnṣe. Bí a bá fi ìbéèrè yìí wo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a ó rí i pé ọ̀kan yege pátápátá, ọ̀kan ṣe ìdajì iṣẹ́, ọ̀kan sì mọ àrùn rẹ̀ dáadáa ṣùgbọ́n ó kánjú.

Steel Vengeance: ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i

Mean Streak dé ní 1991. Onígi ni. Ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 161, ìsọ̀kalẹ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 155, eré rẹ̀ jẹ́ máìlì 65 ní wákàtí kan, ojú irin rẹ̀ sì gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 5,427. Lọ́dún tó dé, kò sí kósítà onígi mìíràn tó ga tó o. Gíga yẹn gan-an ló sì wá ṣe é ní jàǹbá.

Ẹ jẹ́ ká wo bí ojú irin onígi ṣe rí. Kì í ṣe irin látòkè délẹ̀. Pákó ni wọ́n máa ń tò lé ara wọn, ìpele bíi mẹ́jọ, wọ́n á fi bóòtù dè wọ́n pọ̀, wọ́n á wá na irin pẹlẹbẹ sí ibi tí wíìlì yóò ti máa kọjá. Nígbà tí ọkọ̀ bá já láti òkè tó kan ìsàlẹ̀, ìwúwo ọkọ̀ àti èrò inú rẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́ta lórí pákó yẹn. Pákó á rún díẹ̀, bóòtù á dẹ̀ díẹ̀, àlàfo àárín ojú irin méjèèjì á sì fẹ̀ díẹ̀. Bó bá ti fẹ̀, ọkọ̀ á rí àyè máa ju ara rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì. Bó ṣe ń ju ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló ń ba pákó jẹ́ sí i. Òjò á tún wọ inú rẹ̀, òtútù adágún á fún un pọ̀, oòrùn á tún un nà. Ní gbogbo ìgbà òtútù, àfi kí àwọn òṣìṣẹ́ gun òkè lọ hú ibi tó ti bàjẹ́, kí wọ́n sì to òmíràn. Kósítà onígi kékeré lè fara da ìyẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Blue Streak tó wà nínú ọgbà kan náà ti wà níbẹ̀ láti 1964. Ṣùgbọ́n bí òkè bá ga, tí ọkọ̀ sì wúwo, bíbàjẹ́ á máa yára ju títúnṣe lọ.

Ọgbọ́n tí wọ́n dá sí Mean Streak nígbà náà ni pé wọ́n fi bíréèkì sórí ìsọ̀kalẹ̀ àkọ́kọ́ kí eré rẹ̀ lè dín kù. Ó dín kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbígbọ̀n kò lọ. Ohun tó kù fún èrò wá jẹ́ kósítà tó ga, tí kò yára, tó sì ń gbo egungun ẹ̀yìn. Ní oṣù Kẹsàn-án 2016 ni wọ́n tì í.

Ilé iṣẹ́ Rocky Mountain Construction láti ìpínlẹ̀ Idaho, tí àwọn olólùfẹ́ ń pè ní RMC, ló gba iṣẹ́ náà. Wọn kò wó ilé igi náà. Wọ́n fi àwọn òpó igi rẹ̀ sílẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀, wọ́n gé ibì kan, wọ́n gbé ibì kan ga, wọ́n wá yọ ojú irin onípákó dànù, wọ́n sì fi irin gidi rọ́pò rẹ̀. I-Box ni wọ́n ń pe irin náà. Bí ẹ bá gé e wò, ó rí bíi lẹ́tà I. Wíìlì kan ń yí lórí rẹ̀, òmíràn ń fara ti ẹ̀gbẹ́, ẹ̀kẹta wà lábẹ́ tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ gbéra kúrò lójú irin. Àwo irin tí kọ̀ǹpútà ti yà gẹ́lẹ́ ni wọ́n ń jó pọ̀ láti ṣe é, nítorí náà wọ́n lè lọ́ ọ bí wọ́n bá ṣe fẹ́, ohun tí pákó kì í gbà. Bí kósítà tó dúró lórí òpó igi ṣe ń dorí kodò lẹ́ẹ̀mẹ́rin nìyẹn.

Ẹ wo ìyàtọ̀ tó dé bá a. Ẹsẹ̀ bàtà 161 di 205. Ìsọ̀kalẹ̀ àkọ́kọ́ di ẹsẹ̀ bàtà 200, ó sì dúró ṣánṣán bí ògiri, igun 90. Eré di máìlì 74. Gígùn di ẹsẹ̀ bàtà 5,740. Ọgbà náà fúnra rẹ̀ kà á pé ìdí èrò máa ń kúrò lórí ìjókòó fún ìṣẹ́jú àáyá 27.2 lápapọ̀, nínú ìrìn tí kò ju ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀ lọ. Ohun tó ń dun èrò ni ojú irin, ojú irin ni wọ́n yọ. Ohun tó dára ni ilé igi ńlá yẹn, ilé igi ni wọ́n dá sí. Mi ò mọ àtúnṣe mìíràn nínú ọgbà yìí tó tọ́ jù báyìí lọ.

Bẹ́ẹ̀ náà ni kò wá láìní àbùkù. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ gan-an, ní oṣù Karùn-ún 2018, ọkọ̀ kan tó ń padà bọ̀ rọra kọlu èyí tó dúró ní ibùdókọ̀. Ẹni mẹ́rin ní kí wọ́n yẹ àwọn wò, wọ́n sì padà sínú ọgbà. Fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, ọkọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ń lò. Ẹ ṣírò ohun tí ìyẹn jẹ́ fún ẹni tó wà lórí ìlà. Ọkọ̀ kan ń gba èrò 24. Bí ọkọ̀ mẹ́ta bá ń ṣiṣẹ́, tí ọ̀kan sì ń gbéra ní ìṣẹ́jú àáyá 72, ìrìn 50 ló máa wáyé ní wákàtí kan, ìyẹn èrò 1,200. Bó bá jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo, àfi kó rìn tán, kí èrò sọ̀, kí òmíràn wọ̀, kí wọ́n yẹ bẹ́líìtì wò, kó tó tún gbéra. Ìṣẹ́jú bíi mẹ́rin ààbọ̀ ni gbogbo rẹ̀, èrò bíi 320 ni yóò sì gun un ní wákàtí kan. Ìlà tó yẹ kó gba wákàtí kan á di wákàtí mẹ́ta àti ààbọ̀ ó lé. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ẹ kọ́kọ́ ka iye ọkọ̀ tó ń kọjá lókè kí ẹ tó wọ ìlà. Bí ẹ bá dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún tí ọkọ̀ kan ṣoṣo ń lọ tó ń bọ̀, ẹ wá nǹkan mìíràn ṣe ná.

Ọ̀rọ̀ fóònù tún wà níbẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ 2018, wọ́n ní àwọn ò gba fóònù mọ́, àní lórí ìlà. Ó bí ọ̀pọ̀ èèyàn nínú, nítorí ìlà wákàtí méjì láìsí fóònù kì í ṣe eré. Ṣùgbọ́n mo gbà pẹ̀lú ọgbà náà. Kósítà tó ń gbé ìdí èèyàn kúrò lórí ìjókòó léraléra ń gbé ohun tó wà lápò pẹ̀lú. Fóònù tó bá já lójú eré máìlì 74 ti di òkò, inú ilé igi yẹn ni ọkọ̀ sì ti ń gba abẹ́ ara rẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀mélòó kan. Ẹ fi gbogbo ẹ̀ sínú lọ́kà kí ẹ tó dé ẹnu ìlà, ẹ sì ka pátákó tó wà níbẹ̀, nítorí wọ́n máa ń yí òfin padà lórí irú àpò tí wọ́n ń gbà.

Bí ẹ bá dé orí ìjókòó, ẹ fi ìdí kan ẹ̀yìn kí ẹ tó fa ọ̀pá ìdènà wálẹ̀. Orí itan ni ọ̀pá náà ń sinmi sí, ìdènà kan sì tún wà níwájú ojúgun. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé èèyàn á rọ̀gbọ̀kú nígbà tí wọ́n ń tì í. Nígbà tí ọkọ̀ bá já, ara á yọ̀ síwájú, ọ̀pá á tún wọlé sí i, itan á wá máa ro èèyàn títí dé òpin. Ẹni tó jókòó ṣánṣán kì í ní wàhálà yẹn. Ìlà ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá ni ìsọ̀kalẹ̀ àkọ́kọ́ ti dùn jù, torí àwọn tó wà níwájú ti ń já lọ kí àwọn tó wà lẹ́yìn tó dé góńgó, ńṣe ni ọkọ̀ á já wọn gbà lójijì. Ìlà iwájú ló dára fún ẹni tó fẹ́ rí bí òpó igi ṣe ń ya lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀. Ó ń dà bíi pé orí máa kàn án; kò lè kàn án, wọ́n ti wọn àyè náà, ṣùgbọ́n ọrùn á ṣáà máa rọ̀ mọ́ èjìká ni.

Rougarou: wọ́n pààrọ̀ ìjókòó, wọ́n fi ojú irin sílẹ̀

Mantis dé ní 1996, ìdúró ni wọ́n ń gun un. Ilé iṣẹ́ B&M ti Switzerland ló ṣe é. Èrò á dúró lé ìjókòó kékeré kan tó dà bíi ti kẹ̀kẹ́ ológeere, ìdènà á sì bò wọ́n léjìká. Ohun méjì ló ń bí èrò nínú. Àkọ́kọ́, orí wọn ń kan ìdènà èjìká ní gbogbo ibi tí ọkọ̀ ti ń yí. Èkejì, wíwọ ọkọ̀ náà ń pẹ́, torí gíga kálukú ni wọ́n máa fi tún ìjókòó tò.

Ní 2015, wọ́n gbé ọkọ̀ tuntun wá tí ẹsẹ̀ ń fì nínú rẹ̀, tí kò ní ilẹ̀ lábẹ́. Ìjókòó ti di ìjókòó gidi, wíwọ̀ ti yá, ọkọ̀ kan sì ń gba èrò 32. Ọ̀rọ̀ ìlà parí síbẹ̀, ó sì yẹ ká yìn wọ́n fún un. Ṣùgbọ́n orí ṣì ń kan ìdènà. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ojú irin yẹn ni wọ́n ti ṣírò fún ẹni tó dúró. Bí ọkọ̀ bá ń yí po, ibi kan wà lókè ojú irin tí gbogbo yíyí náà dá lé, wọ́n máa ń fi í sí déédéé àyà èrò kí ara má bàa jù. Àyà ẹni tó dúró ga ju ti ẹni tó jókòó lọ. Nígbà tí wọ́n wá mú èrò jókòó lórí irin kan náà, ara wọn kò sí níbi tí yíyí ti rọ̀ jù mọ́. Gbogbo lílọ́ ló wá di títì sẹ́gbẹ̀ẹ́, orí èèyàn ló sì ń gbà á.

Ẹ lè dín in kù. Ẹ yan ìjókòó méjì àárín, ẹ má yan ti ìpẹ̀kun, torí ìpẹ̀kun ló jìnnà jù sí àárín ojú irin, òun ni jíjù rẹ̀ sì le jù. Ẹ fi orí ti ẹ̀yìn ìjókòó gbọnin kí ọkọ̀ tó wọ ibi tó ń yí, kì í ṣe lẹ́yìn tó bá ti wọ̀ ọ́. Ẹ bọ́ yẹtí ńlá. Ẹsẹ̀ bàtà 145 àti máìlì 60 kì í ṣe nǹkan kékeré, ìsọ̀kalẹ̀ àkọ́kọ́ rẹ̀ sì ṣì wuyì gan-an láti ìlà iwájú, níbi tí ẹsẹ̀ ti ń fì lókè láìsí ohun kan níwájú. Ṣùgbọ́n bí ìlà bá ti ju ogún ìṣẹ́jú lọ, kò tó bẹ́ẹ̀.

Top Thrill 2: àrùn tí wọ́n mọ̀, oògùn tí wọn ò kọ́kọ́ tọ́ wò

Top Thrill Dragster ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀, láti 2003. Ẹsẹ̀ bàtà 420 ló ga. Láti ìdúró, ó máa ń dé máìlì 120 láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin, á gun òkè, á já wálẹ̀, ó parí. Òróró tí wọ́n fi gáàsì náítírójìn fún pọ̀ ló ń yí àgbá ńlá kan, àgbá náà ń wé okùn irin, okùn ló ń fa ọkọ̀. Nígbà tó bá ṣiṣẹ́, kò sí ohun tó dà bíi rẹ̀. Ṣùgbọ́n òróró ń gbóná, rọ́bà ìdí ẹ̀rọ ń jò, okùn ń gé fọ́nrán-fọ́nrán, ìlà á sì dúró lójú kan fún wákàtí kan nígbà mìíràn. Bí atẹ́gùn bá dojú kọ ọ́ tàbí tí agbára kò pé, ọkọ̀ kò ní kọjá góńgó, á padà sẹ́yìn. Bíréèkì onímágínẹ́ẹ̀tì á yọ sókè láti dá a dúró. Inú àwọn olólùfẹ́ máa ń dùn bó bá ṣẹlẹ̀ sí wọn. Lóṣù Kẹjọ 2021, irin pẹlẹbẹ kékeré kan já lára ọkọ̀, ó bá obìnrin kan lórí ìlà, ó sì ṣe é léṣe gidigidi. Bí Dragster ṣe parí nìyẹn. Ní oṣù Kẹsàn-án 2022, ọgbà náà kéde pé kò ní padà wá bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Ohun tí wọ́n ṣe sí i bọ́gbọ́n mu lórí ìwé. Wọ́n yọ òróró, àgbá àti okùn kúrò. Wọ́n fi ẹ̀rọ òòfà rọ́pò wọn: mágínẹ́ẹ̀tì wà lára ọkọ̀, wáyà tí iná mànàmáná ń gbà kọjá wà lójú irin, wọn kì í fara kan ara wọn, nítorí náà kò sí ohun tó ń jẹ níbẹ̀. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ẹ̀rọ òòfà kì í lágbára tó òróró lórí ilẹ̀ kúkúrú. Ojú ọ̀nà tó wà nílẹ̀ kò gùn tó láti ti ọkọ̀ dé máìlì 120 lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n wá kọ́ ògiri irin tuntun sẹ́yìn, ẹsẹ̀ bàtà 420 òun náà, ó dúró ṣánṣán. Ọkọ̀ á kọ́kọ́ gba iwájú ní máìlì 74, á gun òkè dé ibì kan, á yọ̀ padà. Ẹ̀rọ á tún tì í sẹ́yìn ní máìlì 101, á gun ògiri ẹ̀yìn. Nígbà tó bá tún já wálẹ̀, ẹ̀ẹ̀kẹta ni yóò wá dé máìlì 120, tí yóò sì kọjá góńgó. Ẹ̀rọ kan náà ló ti í lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ọpọlọ pípé ni.

Ìrìn tí kì í tó ìṣẹ́jú àáyá 20 tẹ́lẹ̀ ti gùn sí i dáadáa. Ẹni tó wà ní ìlà ẹ̀yìn ló ń jẹ̀gbádùn jù níbi ògiri ẹ̀yìn: òun ló ga jù, ó dojú bolẹ̀ pátápátá, ọkọ̀ á dúró díẹ̀ bíi pé ó ń ronú, gbogbo ìwúwo ara á wà lórí ìdènà, kó tó já. Irú ìṣẹ́jú àáyá yẹn kò sí lórí Dragster. Àwọn kan ń sọ pé lílọ-bíbọ̀ yìí ti ba agbára ìtìsíwájú àtijọ́ jẹ́, pé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni ó yẹ kó já bí ọfà. Òótọ́ ni wọ́n sọ nípa ìtìsíwájú. Ti àtijọ́ ń lu àyà ju ti ìsinsìnyí lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá kó gbogbo ìrìn náà pọ̀, tuntun yìí ló dára jù lójú tèmi.

Níbo ló ti wá dàrú? Wọ́n ṣí i ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún 2024. Kò ju bí ọ̀sẹ̀ kan lọ tí wọ́n fi tì í, kò sì ṣí mọ́ títí sáà náà fi parí. Ohun tí ọgbà náà sọ ni pé ọkọ̀ rẹ̀ nílò àtúnṣe. Oṣù Karùn-ún 2025 ló tó padà. Ilé iṣẹ́ Zamperla ti Ítálì ló sọ Dragster di Top Thrill 2, ọkọ̀ tuntun pátápátá ni wọ́n sì gbé wá, àlùmíníọ̀mù tí wọ́n gbẹ́ jáde láti ara òdindi kan ṣoṣo.

Nínú kósítà tó ń sáré tó báyìí, wíìlì ló kọ́kọ́ ń jìyà. Àárín wíìlì jẹ́ irin tó fúyẹ́, ara rẹ̀ jẹ́ rọ́bà líle tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Bó bá ń yí, rọ́bà náà ń tẹ̀ ó sì ń nà, títẹ̀ yẹn ń mú ooru wá láti inú. Ooru kò ríbi lọ, á bá ibi tí wọ́n lẹ̀ pọ̀ jà, rọ́bà á wú tàbí kó bó. Bí rọ́bà bá le jù, ọkọ̀ á máa gbọ̀n. Bó bá rọ̀ jù, á yára gbóná. Ọkọ̀ tó ń gba ilẹ̀ kan náà kọjá lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójú eré kò fún wíìlì ní àyè láti tutù tó èyí tó ń gbà á kọjá lẹ́ẹ̀kan. Irú nǹkan báyìí kò ṣeé mọ̀ lórí kọ̀ǹpútà nìkan. Àfi kí wọ́n rán ọkọ̀ láìsí èrò, lọ́sàn-án, lóru, nínú òtútù, nínú ooru, fún oṣù púpọ̀.

Ọgbà yìí kan náà mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ní 2007, nígbà tí wọ́n ń dán kósítà Maverick wò, wọ́n rí i pé ibì kan tí ọkọ̀ ti ń yí po ń ni ọkọ̀ lára jù. Wọ́n sún ọjọ́ ìṣísílẹ̀ síwájú, wọ́n gé ibẹ̀ kúrò, wọ́n fi irin mìíràn dí i, wọ́n wá ṣí i lọ́jọ́ 26 oṣù Karùn-ún. Inú bí àwọn èèyàn nígbà náà. Lónìí, Maverick wà lára àwọn kósítà tí ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ fẹ́ràn jù nínú ọgbà náà. Ní ti Top Thrill 2, ẹ̀rọ tuntun, ọkọ̀ tuntun àti ògiri tuntun ló jùmọ̀ dé lẹ́ẹ̀kan náà, iwájú èrò ni wọ́n sì ti wá mọ ohun tó kù. Ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ọdún nítorí rẹ̀ ní 2024 ní ẹ̀tọ́ láti bínú.

Top Thrill 2 náà kì í gba ohunkóhun lápò. Ẹni tó bá kéré sí ínǹṣì 52 ní gíga kò lè gun un, bẹ́ẹ̀ náà ni Steel Vengeance. Ẹ wọn ọmọ nílé, pẹ̀lú bàtà tó máa wọ̀ gan-an, kí ẹ tó ṣèlérí fún un.

Omi ń gbẹ nínú ọgbà

Níbi tí mo ti ń bá àwọn alákòóso rẹ̀ jà gan-an ni ohun tí wọ́n yàn láti má rọ́pò. White Water Landing, eré omi tó ti wà láti 1982, lọ ní 2005, orí ilẹ̀ rẹ̀ ni Maverick jókòó sí. Shoot the Rapids dé ní 2010, kò sì kọjá 2015. Snake River Falls tó dé ní 1993 parí ní 2024. Nínú àwọn ọkọ̀ omi ńlá, Thunder Canyon ti 1986 nìkan ló kù. Disaster Transport, kósítà inú ilé tí oòrùn àti òjò kì í dé, lọ ní 2012 kí kósítà GateKeeper lè ráyè.

Àwọn tó ń gbè sẹ́yìn ọgbà náà ní àlàyé tó mọ́gbọ́n wá. Eré omi ń jẹ iná lórí ẹ̀rọ tó ń fa omi, wọ́n gbọ́dọ̀ fa omi rẹ̀ gbẹ kí yìnyín tó dé, ara rẹ̀ ń jò, lóṣù Karùn-ún àti oṣù Kẹsàn-án kò sì sẹ́ni tó fẹ́ kí omi tutù bẹ̀rẹ̀ sí í já lé òun lórí. Kósítà irin ń ṣiṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà dé òpin. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n oṣù Keje ni èrò pọ̀ jù, oòrùn sì ń mú gan-an nígbà náà. Ìyá àgbà, aboyún, ọmọ tí kò tíì tó ínǹṣì 48, níbo ni ká ní kí wọ́n lọ lọ́sàn-án gangan? Thunder Canyon nìkan kò lè gba gbogbo wọn, ìlà rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé sì fi hàn bẹ́ẹ̀. Eré kan tó ní òrùlé, tí ìdílé lè jókòó pọ̀ nínú rẹ̀, ló yẹ kó gba ipò tó bá ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn èyí. Kósítà ńlá ti pọ̀ tó níbẹ̀.

Bí ẹ ó ṣe tò ó lọ́jọ́ kan

Ilẹ̀ ọgbà náà gùn, kò fẹ̀. Steel Vengeance wà ní Frontier Town, ní ẹ̀yìn pátápátá. Láti ẹnu ọ̀nà ńlá, ìrìn bí ogún ìṣẹ́jú ni. Ọkọ̀ ojú irin kékeré tó ń lo èéfín omi gbígbóná ń lọ síbẹ̀, ó dára fún ẹni tó kó ọmọ dání, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ wà níwájú ìlà, ẹsẹ̀ yá jù ú lọ. Àwọn tó wọ̀ sí ilé ìtura ọgbà náà máa ń wọlé ṣáájú àwọn yòókù, ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kósítà Magnum sì ń dín ìrìn kù.

Ẹ lọ sí Steel Vengeance ní tààrà, kí ẹ tún gun Maverick tó wà nítòsí kí ìlà rẹ̀ tó gùn. Top Thrill 2 kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi ètò rẹ̀ sọ́jọ́. Ẹ máa gbójú sókè: nígbàkigbà tí ẹ bá rí ọkọ̀ tó ń gun ògiri ẹ̀yìn léraléra fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ yà síbẹ̀. Bí atẹ́gùn adágún bá ń fẹ́ àsíá gbọnrangandan, tàbí mànàmáná ń kọ lókèèrè, òun ni wọ́n ń kọ́kọ́ tì. Ẹ má san owó Fast Lane, ìyẹn ìlà kíákíá tí wọ́n ń sanwó kún, nítorí Top Thrill 2 nìkan, torí bó bá ti tì, owó ti lọ. Bó bá jẹ́ nítorí Steel Vengeance lọ́jọ́ Sátidé, ẹ lè rò ó.

Rougarou dára láàárín ọ̀sán, nígbà tí gbogbo ìlà yòókù ti gùn, torí tirẹ̀ sábà máa ń kúrú. Kí ọgbà tó tì ní ìwọ̀n ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ padà sí ẹ̀yìn, kí ẹ wọ ìlà Steel Vengeance lẹ́ẹ̀kejì. Wíìlì ti gbóná láti àárọ̀, ọkọ̀ ń sáré ju ti òwúrọ̀ lọ, bí ilẹ̀ bá sì ti ṣú, nínú ilé igi náà ẹ ò ní rí òpó kankan títí á fi kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí yín.